Ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe àlejò tá à ń gbé oúnjẹ fún

“Ẹ̀gbọ́n, kò jẹun o.”

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí àbúrò mi kan sọ lórí fóònù nìyẹn. Kò kí mi, kò béèrè ará ilé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ màmá wa tó wà ní Apòmù, mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, “Ta ni ò jẹun?” Ó ní, “Ejò mi ni, sà.”

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọmọ náà ń kàwé ní ọgbà UNIOSUN tó wà ní Ìkirè. Ọjọ́ Sátidé kan ló gun ọ̀kadà lọ sí Apòmù lọ kí àwọn èèyàn wa, ó sì bá bàbá kan nínú oko kòkó tó ti na àdá sókè sí ejò kan. Ejò yẹn ò sá, kò sì bínú. Ó kàn ká jọ bí òṣùká, ó ki orí bọ àárín ara ẹ̀. Àbúrò mi ti wo fídíò irú ejò yìí lórí YouTube títí tó fi mọ̀ ọ́n ju ìwé tó yẹ kó máa kà lọ. Ó bẹ bàbá náà, ó fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ó gbé ejò sínú àpò Ghana-must-go, ó sì gbé e padà sí Ìkirè. Mi ò mọ ohun tó sọ fún ọlọ́kadà.

Nígbà tó ń pè mí yẹn, ejò ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú kúlà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì lọ òde. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀. Ọjọ́ kìíní, eku kan. Ọjọ́ kejì, eku méjì. Ọjọ́ kẹta, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin wá wò ó, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn, wọ́n fi ṣe fídíò TikTok, wọ́n wá ti eku ààyè mọ́ ọn nínú kúlà kan náà fún wákàtí mélòó kan. Eku yẹn ló gé ejò jẹ. Ẹ kà á dáadáa: eku ló gé ejò jẹ. Ó bù ú lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ jáde.

Mi ò lè bá a wí púpọ̀, torí ọmọ Yorùbá ló jẹ́. Bí àlejò bá wọlé wa, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un, oúnjẹ ló tẹ̀ lé e. Bó bá ní òun ti yó, a ò ní gbà. A ó ní kó kàn fi kan ẹnu. Àlejò tó bá kọ oúnjẹ nílẹ̀ wa, nínú méjì ni: bóyá ara ẹ̀ ò yá, tàbí kó jẹ́ pé ejò lọ́wọ́ nínú. Ejò gan-an wá dé báyìí, ìwà kan náà la fẹ́ẹ́ hù sí i. Àmọ́ lójú ejò, kì í ṣe àlejò lo gbà yẹn. Ẹni tó jí i gbé ni ẹ́.

Ẹ rò ó wò. Ejò kì í jẹ oúnjẹ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bíi tiwa. Odindi ló ń gbé e mì, ó lè gbà á lọ́jọ́ púpọ̀ kó tó dà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ikùn tó wú yẹn kì í jẹ́ kó lè sáré. Nítorí náà, ejò tó bá rò pé ẹnì kan fẹ́ẹ́ pa òun ò ní jẹun, ọgbọ́n tó fi ń wà láàyè nìyẹn. Bó bá tiẹ̀ jẹ ẹ́ tí wọ́n tún wá ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀, ó lè pọ̀ ọ́ padà, èébì yẹn a sì dá a lágara ju ebi lọ. Ní 2018, ẹ rántí pé wọ́n ní ejò kan gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì ní ọ́fíìsì JAMB ní Makurdi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ejò tí ara ẹ̀ ò tíì balẹ̀ kì í jẹ eku, ká má tíì sọ owó.

Irú ejò tó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní ball python, nítorí bó ṣe máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn mìíràn ń pè é ní royal python, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ń pè é ní Python regius. Láti Senegal títí dé Uganda ló ń gbé. Ẹbí ni òun àti erè ńlá tó lè gbé ewúrẹ́ mì, àmọ́ òun kì í sábà gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Kò ní oró. Ọ̀sán kọ́ ni tiẹ̀, inú ihò eku àti inú ọ̀gán ló máa ń sá sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ ọ̀gán yìí ṣe pàtàkì, a ó padà sí i.

Kí n tó lọ síwájú o: ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí fọwọ́ kan ejò tẹ́ ẹ rí lóko. Awọ ejò yìí ní àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣe bátànì, bẹ́ẹ̀ ni ọká àti paramọ́lẹ̀ náà ní bátànì tiwọn, oró tó wà lẹ́nu àwọn yẹn kì í sì í dúró kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ Google. Àbúrò mi ríre ni. Mo ti sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó sì ń bínú sí mi lórí ẹ̀.

Èmi náà ò sin ejò rí. Òfin ni mo kà, kì í ṣe ìtọ́jú ẹranko. Àmọ́ mo pe dókítà ẹranko kan ní Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì fi gbogbo ọjọ́ yẹn ka ohun tí àwọn tó ti ń sin ín tipẹ́ kọ. Ọ̀rọ̀ wọn jọra débi pé ó ya mi lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ. Ibi ààbò ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kó ṣe ni kó gbé ejò kúrò nínú kúlà. Ṣé ẹ rántí Oduche nínú Arrow of God tí Chinua Achebe kọ ní 1964, ọmọ tó ti erè mọ́ inú àpótí tí gbogbo ilé fi dàrú? Kúlà tó ní ìdérí tó há ò yàtọ̀ sí àpótí yẹn. Ó ra ike ńlá tó ní ìdérí tó ṣeé tì gbọn-in, ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ìdérí yẹn gbọ́dọ̀ há o. Níbi tí orí ejò bá ti gbà, ara ẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, nǹkan tó sì kàn ni igbe láti yàrá kejì. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló tẹ́ sísàlẹ̀, torí ó rọrùn láti kó jáde bó bá yàgbẹ́, ó sì rọrùn láti rí eégbọn lórí ẹ̀. Ejò tó wá látinú igbó kì í dá wá, eégbọn sábà máa ń bá a wá, aràn náà sì lè wà nínú ẹ̀. Dókítà ní ká fi aáyán kéékèèké tí wọ́n fi ń tu irun ojú yọ eégbọn náà pẹ̀lú sùúrù, ká sì fi iodine tá a ti bu omi là nu ojú ọgbẹ́ tí eku dá sí i lára. Ọjọ́ yẹn nìkan la gbà á láyè kó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀gán. Ejò tó ń gbé inú ihò kì í fẹ́ gbọ̀ngàn. Nǹkan tó ń wá ni ibi tóóró, ibi tó ṣókùnkùn, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ máa kan ara òun lọ́tùn-ún lósì. Àwọn òyìnbó ń ta ilé kékeré oníke fún èyí, owó ńlá ni. Àbúrò mi wá ìkòkò amọ̀ méjì tó ti fọ́, ó dojú wọn dé, ó sọ ibi tó fọ́ di ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan lápá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀kan lápá ibi tó tutù, kó má baà di pé ejò máa yan ooru tàbí ààbò, kó ní méjèèjì níbikíbi tó bá wà. Ó gbé àwo omi tó wúwo sí àárín. Láàárín wákàtí kan, ejò ti wọnú ìkòkò kan lọ, a ò rí ju ìdí ẹ̀ lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí i mọ́.” Mo ní, “Ó ti ń dára nìyẹn.”

Lórí ooru, ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn tó wá láti ìlú tí yìnyín ti ń já bọ́. Wọ́n ní kí apá kan ilé ejò wà ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 31 sí 32, kí apá kejì wà ní 26 tàbí 27. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọ́n tún ní ká ra gílóòbù tó ń gbóná, ká ra bẹ́ẹ̀dì oníná. Ní Ìkirè, lábẹ́ páànù, ní oṣù kẹta ọdún? Ìṣòro tiwa ni bí ejò ò ṣe ní yan. Ibi tó tutù nínú yàrá, jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ni kí ike náà wà. Bó bá di àsìkò ọyẹ́, tí òru tutù, ìgò omi gbígbóná tá a fi aṣọ wé, tá a fi ti ẹ̀gbẹ́ ike náà lóde, tó. Iná ọba kì í kúkú í ṣe ohun téèyàn lè gbójú lé. Kò sì yẹ kẹ́ ẹ gbé gílóòbù sínú ike, ejò a wé mọ́ ọn, á jóná kó tó mọ̀.

Ejò ò ní etí lóde bíi tiwa, àmọ́ gbogbo ohun tó bá mi ilẹ̀ ló ń dé ara ẹ̀. Kò dáa ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà tàbí ògiri tí jẹnẹrétọ̀ fara tì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí wọ́n ń lu ìlù lóru Friday, èyí ò sí lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó kù ni ohun tó le jù fún ọmọ ogún ọdún: kó má ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó kéré tán, láìfọwọ́ kàn án, láìgbé e han ẹnikẹ́ni, láìfún un lóúnjẹ. Fún ejò tó wá látinú igbó, ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì ló dáa. Kó máa pààrọ̀ omi lálẹ́, kó kó ìgbẹ́ bó bá yà, kó ti ìdérí padà. Ó ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́. “Ebi ò ní pa á báyìí?” Ebi ò ní pa á. Irú ejò yìí tó ti dàgbà lè lo oṣù bíi mélòó kan láìjẹun tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan, pàápàá bó bá jẹ́ akọ lásìkò tó ń wá abo. Ọmọ kékeré inú wọn ni kì í ní irú àkójọpọ̀ bẹ́ẹ̀ lára. Òṣùwọ̀n ni kéèyàn fi máa mọ̀, kì í ṣe ìpayà. Bó bá ti sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ẹ̀ nù, tàbí tó ń la ẹnu mí, tàbí tí itọ́ ń yọ lẹ́nu ẹ̀, kò tún sí sùúrù níbẹ̀ mọ́, dókítà ló kù.

Mo wá sọ ìtàn kan fún un kó lè fara balẹ̀. Ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà gba irú ejò yìí kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní 1961. Ní oṣù keje ọdún 2020, ejò kan náà, tí wọ́n fojú bù pé ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, yé ẹyin méje, bẹ́ẹ̀ ó ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí kò ti rí akọ sójú. Mo ní, “Ejò tó lè bá ẹ dọ́jọ́ ogbó, ṣé ọ̀sẹ̀ kan ló wá pọ̀ lójú ẹ?” Ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ló fèsì pé, “Ọgọ́ta ọdún?” Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ronú nípa ohun tó rà.

Ọjọ́ kẹwàá, ó fún un ní eku. Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe eku ilé. Eku tó ń rìn kiri láàárín ìlú lè ti jẹ oògùn eku ládùúgbò, ejò tó bá gbé e mì gbé májèlé náà mì nìyẹn. Eku funfun tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí ló wá rà, èyí tí kò fẹ̀ ju ibi tó sanra jù lára ejò lọ. Òkú ni, kó má baà tún gé e jẹ. Ó rì í sómi gbígbóná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí ooru ara ẹran ni ejò yìí fi ń mọ ibi tó wà nínú òkùnkùn. Ó fi ẹ̀mú gígùn gbé e síwájú ìkòkò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó pa iná, ó jáde. Nígbà tílẹ̀ mọ́, eku wà níbi tó wà. Ó gbé e sọ nù.

Nígbà yẹn ni mo rántí nǹkan kan tí mo kà. Ní 1998, àwọn onímọ̀ méjì, Luca Luiselli àti Francesco Angelici, gbé ìwádìí jáde lórí irú ejò yìí gan-an nínú igbó kìjikìji ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà níbí. Wọ́n rí i pé abo ń jẹ ẹran tó jẹ mọ́ eku jù, àmọ́ akọ, tó sábà máa ń kéré jù ú lọ tó sì fẹ́ràn orí igi, ẹyẹ ló ń jẹ jù. Gbogbo fídíò tí àbúrò mi ń wò, ejò tí wọ́n bí sínú ike tí eku funfun jẹ́ oúnjẹ àbáláyé ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tiẹ̀ wá látinú oko kòkó ní Apòmù. Bóyá kò tíì rí eku funfun rí láyé ẹ̀.

Láàárín ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti dé etí Ìyá onílé. Òun ni wàhálà gidi tó wà nílẹ̀. Dòdò Ìkirè ni ìyá náà ń tà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà ló ń gún pọ̀ mọ́ ata, tó ń fi epo pupa dín, gbogbo mọ́tò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ló mọ irú ẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà kó ẹrù ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó pè mí nígbà tó gbọ́ pé lọ́yà ni mí. Mo sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òfin ò fàyè gba ká lé ayálégbé jáde lójijì láìfún un ní notice. Àmọ́ mo sọ òótọ́ kejì fún àbúrò mi, èyí tí kò dùn mọ́ ọn: nínú òfin tá a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá kó ẹranko igbó tó léwu sílé ló ni gbogbo ohun tó bá ti ẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ẹjọ́ Behrens àti Bertram Mills ti 1957 ni wọ́n fi kọ́ wa ní yunifásítì: erin síkọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ràn bíi màlúù, ajá kékeré kan dẹ́rù bà á, ó ṣe àwọn èèyàn léṣe. Ilé ẹjọ́ ní ìwà pẹ̀lẹ́ erin yẹn ò kan àwọn, erin ni erin. Lọ́yà tó gbọ́n lè jiyàn pé ejò tí kò ní oró ò sí nínú ẹ̀yà ẹranko tó léwu. Èmi gan-an lè jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbàlagbà bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn torí pé ó rí ejò, mi ò fẹ́ẹ́ wà níbẹ̀ láti jiyàn ọ̀hún.

Nǹkan míì tún wà. Irú ejò yìí wà lára àwọn tí àdéhùn CITES ń dáàbò bò lórí òwò láàárín orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn yẹn láti 1974, a sì ní òfin tiwa lórí ẹ̀ láti 1985. Láti Togo, Benin àti Ghana ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́dọọdún. Wọ́n ń kó abo tó lóyún nínú igbó, wọ́n á jẹ́ kó yé, wọ́n á ta ọmọ. Ní 2021, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó ti ń sún mọ́ bèbè ewu. Ìyẹn ni pé ohun tí bàbá yẹn fẹ́ẹ́ fi àdá gé lóko, ẹnì kan ní Texas ń fi dọ́là rà á.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò jìnnà sí wa, ní Wídà ní orílẹ̀-èdè Benin, tẹ́ńpìlì ejò wà tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà. Ejò yìí kan náà ló kún ibẹ̀, Dangbe ni wọ́n ń sìn nípasẹ̀ wọn. Wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn lóòrèkóòrè kí wọ́n jáde lọ wá oúnjẹ fúnra wọn láàárín ìlú lóru. Èyí tó bá yà sílé ẹnì kan, wọ́n á rọra gbé e padà. Ẹ má bi mí léèrè ẹ̀sìn, n kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń fipá fún ejò lóúnjẹ.

Èrò tèmi ni pé kí ọmọ náà dá a padà sí oko, níbi tó jìnnà sí ilé, lẹ́bàá ọ̀gán, bí ọgbẹ́ ẹ̀ bá ti san. Ejò igbó ni, kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Òun ní rárá, pé bàbá alàdá yẹn ṣì wà lóko. A ò tíì fẹnu kò.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó ra òròmọdìẹ kan tó ti kú lọ́wọ́ àwọn tó ń sin adìẹ, ó mú un gbóná, ó gbé e síwájú ìkòkò, ó pa iná. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ló pè mí. Kò sọ̀rọ̀. Mo kàn ń gbọ́ tó ń mí. Ó wá rọra ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbé e.” Mo ní kó má ṣí ìdérí, kó má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ẹ̀, kó lọ sùn.

Ó sọ fún Ìyá onílé láàárọ̀, mi ò mọ ohun tó ń rò. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi í pé ṣé adìẹ nìkan ló ń jẹ, torí eku ò jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun rímú mí ní ṣọ́ọ̀bù.